Àlùfáà tí Ó Ń Wá Ìbò

Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 12:1–5, Nehemáyà 5:14–19.



Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń béèrè pé, Ó ha tọ́ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run du ipò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin orílẹ̀-èdè? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1801 sé ilé aṣòfin tí ará ìlú ń dìbò sí mọ́ àwọn àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2001 ni a tó mú un kúrò.

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ìlú kò ṣàjèjì sí àwọn òjíṣẹ́. Ní 1886, Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, àti Charles Phillips gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀. Ní ọdún kan náà, a fi James Johnson, àlùfáà ní Breadfruit, sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Ṣùgbọ́n Gómìnà ni ó yàn án. Kò wá ìbò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnìkan tí ó wá ìbò, tí ó sì rí i.

Ní 1937, Adam Clayton Powell di olùṣọ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Abyssinian ní Harlem, ní New York. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń gba owó ènìyàn dúdú, wọn kò sì gbà wọ́n síṣẹ́. Powell kó àwọn ènìyàn jọ kí wọ́n má ṣe rajà lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní 1941, wọ́n kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì, títí àwọn onílé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì fi gbà láti fi ènìyàn dúdú ṣe awakọ̀. Àwọn Yorùbá ní, Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Harlem wo ti ọrùn Powell, wọ́n sì dìbò yàn án sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní 1944. Níbẹ̀ ni ó ti tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọba má ṣe náwó sí ibi tí a bá ti ń ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀. Ní 1961, ó di alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n a fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ná owó ìjọba ní ìnákúnàá. Ní 1967, ilé náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Harlem tún dìbò yàn án. Ní 1969, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé kíkọ̀ náà kò bá òfin mu. Ṣáájú ìdájọ́ náà, ilé náà ti bu owó ìtanràn $25,000 lé e. Ní 1970, Charles Rangel borí rẹ̀ nínú ìbò ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ kíyèsí i: iṣẹ́ tí ó ṣe fún àwọn tálákà kò parẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ ìjíhìn. Sámúẹ́lì sìn títí ó fi darúgbó, síbẹ̀ ó dúró níwájú gbogbo ìlú kí wọ́n wádìí ọwọ́ òun. Nehemáyà kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà, nítorí ẹrù wúwo lórí àwọn ènìyàn. Nítorí náà, bí òjíṣẹ́ bá wá bẹ̀ wá fún ìbò, kí a má ṣe kọ̀ ọ́ nítorí aṣọ rẹ̀, kí a má sì ṣe yàn án nítorí aṣọ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ Bíbélì:
1. Kí ni ó ti ṣe fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó wá ìbò?
2. Ta ni ó ń yẹ ìwé owó ìjọ rẹ̀ wò?
3. Bí ó bá ṣìnà, àwa tí a dìbò fún un yóò ha lè sọ fún un?