Ọgbẹ́ Ìgbà Èwe Tó Ṣì Ń Ro Wá

*Àṣàrò òwúrọ̀.* Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 42:18–24.

 

Ẹ wo Jósẹ́fù. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n jù ú sí kòtò, tí wọ́n sì tà á. Kó tó dọjọ́ yẹn, wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ àlàáfíà nínú ilé. Àlá rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ibi tí a kà yìí, ó ti lé ní ogún ọdún. Jósẹ́fù ti di igbákejì Fáráò, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Kódà, ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Mánásè, nítorí ó ní Ọlọ́run ti mú òun gbàgbé ìyà òun. Ṣé ó gbàgbé lóòótọ́? Bó ṣe fojú kàn wọ́n báyìí, ohùn rẹ̀ le. Nígbà tó yá, ó kúrò níwájú wọn, ó lọ sunkún. Ipò wà, owó wà, ẹkún náà ṣì wà. Ojú àpá kì í jọ ojú ara.

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, a mọ ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní búlì. A mọ ọmọ tí wọ́n ń fi ilà ojú rẹ̀ ṣẹ̀sín, ọmọ tó ń kólòlò tí gbogbo kíláàsì ń sín jẹ, ọmọ tí síníọ̀ ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sunkún délé, a ó ní, "Ṣé ìwọ ò lọ́wọ́ ni?" tàbí ká ní, "Gbàgbé ẹ̀ jàre, eré ọmọdé ni."

Ṣé eré ni? Ní Bìrìtéènì, àwọn onímọ̀ ń tọ àwọn tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún 1958 lẹ́yìn títí wọ́n fi dàgbà. Wọ́n bi àwọn òbí bóyá ọmọ mìíràn ń fìyà jẹ ọmọ wọn nígbà tó wà ní ọdún 7 àti 11. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí King's College London gbé àbájáde jáde lórí 7,771 nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa sún mọ́ 50 ọdún, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lemọ́lemọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ara wọn kò le tó, alábàárò wọn kò pọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Nítorí náà, arákùnrin tí kì í lè dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ni. Baba tó ń na ọmọ bí ẹni ń gbẹ̀san: ẹ má tètè pè é ní ìgbéraga tàbí ẹ̀mí àìmọ́. Ẹ béèrè ohun tójú ẹ̀ ti rí.

Ẹni tó fìyà jẹni ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ wo ẹsẹ 21: àwọn ẹ̀gbọ́n yìí ò gbàgbé. Ẹ̀bẹ̀ ọmọ inú kòtò yẹn ṣì ń dún létí wọn.

Kí la ó wá ṣe?

*1. Ẹ̀yin tí wọ́n fìyà jẹ, ẹ sọ ọ́.* Nígbà tí Jósẹ́fù fara hàn (45:4), kò ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ni wọ́n tà. Ó dárúkọ ọ̀ràn náà kó tó dárí jì wọ́n. Ẹ sọ fún Ọlọ́run, ẹ sọ fún ẹni tó lè pa àṣírí mọ́. Bí oorun ò bá wá mọ́, tàbí tí ẹ̀mí ń sú yín, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn LAUTECH àti ti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó lọ rí dókítà kò sọ ìgbàgbọ́ nù.

*2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fìyà jẹni, ẹ wá a lọ.* Júdà tó dábàá títà Jósẹ́fù náà ló fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Bẹ́ńjámínì (44:33). Bóyá ẹ ṣì máa ń pàdé ẹni náà ní Tákíẹ́ tàbí ní ọjà Akẹ̀sán. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣàwáwí, ẹ má sì fipá gba ìdáríjì.

*3. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ gbọ́ ọmọ lẹ́nu.* Ẹ tọ ọ̀rọ̀ náà dé iléèwé. Láti ọdún 2006 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tó rí Jósẹ́fù nínú kòtò, fọwọ́ kan ọgbẹ́ tí mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ èmi ni mo dá a sí ẹlòmíràn lára, fún mi lẹ́sẹ̀ tí màá fi lọ bẹ̀ ẹ́. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.