Bí Ìpọ́njú Bá Dé: Ìmọ̀ràn Ìyá Ìjọ fún Àwọn Ọ̀dọ́

 Ẹ̀yin ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí ẹ jáde ní yunifásítì tí iṣẹ́ kò tíì yọjú, ẹ̀yin tí owó ilé ń lé kiri, ẹ̀yin tí ẹ sìnkú òbí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí òtútù àti àdáwà ń bá fínra. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé, "Màmá, níbo gan-an ni Ọlọ́run wà nígbà tí nǹkan bá le báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá bi í kò ṣẹ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ìyá ìjọ sì ni mí títí dòní. A máa ń pa á lówe pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà lé e. Ọwọ́ èèyàn ló sábà máa ń lò, tàbí oúnjẹ, tàbí oorun, tàbí àdúrà tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ dè yín. Ẹni tó bá ń wá Ọlọ́run nínú iṣẹ́ ìyanu nìkan, Ọlọ́run lè jókòó tì í kó má mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ọ̀rọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan síbí.

1. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí

Ẹ má lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run kí ẹ máa ní "ó dára, ó dára" nígbà tí inú yín ń jó bí iná. Sáàmù 150 ló wà nínú Bíbélì, ẹkún ló sì kún inú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ka Sáàmù 88. Ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, inú òkùnkùn ló sì parí rẹ̀ sí, kò fi ọpẹ́ kankan kádìí rẹ̀. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Jóòbù fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ré, Jeremáyà náà ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run kò sì lé èyíkéyìí nínú wọn dànù. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run fa ọ̀rọ̀ kò tíì kúrò níwájú rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ tó kẹ̀yìn sí i pátápátá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

2. Ẹ jẹun, kí ẹ sì sùn

Wòlíì Èlíjà ṣẹ́gun àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì, gbogbo ayé rí i. Kò pẹ́ tí Jésébẹ́lì fi ránṣẹ́ sí i pé òun máa pa á. Bí ọkùnrin yìí ṣe sá wọ aginjù nìyẹn, tó jókòó sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì gbé wá fún un: àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná, pẹ̀lú omi mímu. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó ní kó jẹ sí i nítorí ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Kò bá a wí, kò wàásù fún un. Ẹ̀yìn oúnjẹ àti oorun yìí ni Ọlọ́run tó wá bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè Hórébù, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, tàbí tí àfẹ́sọ́nà bá já yín jù sílẹ̀, ẹ má sáré fi ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lé e. Ààwẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tó ti rẹ̀, tí ebi tún ń pa, a máa fi irọ́ kún ọ̀rọ̀ tó ń sọ sí ni létí. Ẹ po ògì gbígbóná, ẹ fi àkàrà mu ún, ẹ sùn mọ́jú kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ máa ṣe.

3. Ẹ má dá ẹrù yìí gbé

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní wọ́ọ̀dù, obìnrin kan bímọ, ọmọ náà kò sì mí. Ó kọjú sí ògiri, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó kan tó wá tọ́jú ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì dìde, ó lọ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó nu ojú àti ẹsẹ̀ obìnrin náà. Nígbà tó rí i pé omi ọyàn ti ń rin aṣọ rẹ̀, ó tú ọ̀já tirẹ̀, ó rọra fi dì í láyà. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi ń mọ́. "Pẹ̀lẹ́" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìdájí ni obìnrin yìí tó bú sẹ́kún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti gbà pé Ọlọ́run kẹ̀yìn sí òun lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi ìgbà tí ọ̀já yẹn kan òun láyà.

Tí ẹnìkan bá fẹ́ jókòó tì yín, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má pa fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, ìsìn orí íntánẹ́ẹ̀tì dára, ṣùgbọ́n kò lè bu omi fún yín mu. Ẹ wá ìjọ tí wọ́n á ti bèèrè yín bí ẹ kò bá wá lọ́jọ́ Àìkú.

4. Ẹ sá fún ẹni tó fẹ́ fi ẹkún yín jẹun

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán tòru, wọn ò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Nígbẹ̀yìn, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, kì í ṣe Jóòbù tó ń ráhùn.

Irú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn kò tíì tán láyé. Òmíràn á ní ìyá ìyá yín ló so yín mọ́lẹ̀. Òmíràn á kọ àbẹ́là, òróró àti iye owó sínú ìwé fún yín. Nígbà tí Jésù rí ẹni tí wọ́n bí ní afọ́jú, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bi í pé ta ló ṣẹ̀, òun ni àbí òbí rẹ̀, Jésù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ẹni tó bá dá owó lé àdúrà, tàbí tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ìyá yín, ẹ dìde lọ́dọ̀ rẹ̀.

5. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe orogún

Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfulúẹ́ńsà ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shadare àti olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ àdúrà kékeré yẹn wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà tí ẹ mọ̀ lónìí. Nígbà tí ẹ̀rù ń ba ìlú, wọn ò fi ara wọn sílẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ oògùn. Ibẹ̀ ni èmi agbẹ̀bí ti yà sọ́tọ̀. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ dá dúró lára abiyamọ nígbà tí èmi fúnra mi ń gbàdúrà lọ́wọ́, n kò sì mọ ìdí tí mo fi máa ya àwọn méjèèjì nípá.

Ohun kan náà ni mo ní í sọ nípa àárẹ̀ ọkàn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta. Aláìsàn á mú ẹbí rẹ̀ kan dání wá, wọ́n á wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, aláìsàn á máa gba ìtọ́jú ní ọsibítù, á sì máa bá àwọn ará abúlé gbé bí èèyàn. Ètò yìí gbayì títí dé òkè òkun. Ẹ wò ó dáadáa: dókítà wà níbẹ̀, ẹbí wà níbẹ̀, aládùúgbò wà níbẹ̀. Ẹ̀yin wá ń fi Arò bú ara yín! Bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tí ẹ fẹ́ràn kò dùn mọ́ yín mọ́, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀.

6. Ẹ má fi "ikú yá j'ẹ̀sín" ṣe tiyín

Àwọn àgbà ló pa òwe yẹn, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ balógun tó fẹ́ dalẹ̀ ìlú ni, kì í ṣe ti ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Kì í ṣe ti ọmọ tó yá owó lórí fóònù tí àwọn ayánilówó wá ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kiri. Ẹ̀sín a máa rọlẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín á ti rí ẹlòmíràn rín.

Ní 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etíkun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun lákòókò yẹn. Ọmọdé ni o! Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú tó gbé e dúró lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tó fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Samuel Àjàyí Crowther lọmọ náà. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì wà ní iwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó jáde lódindi ní 1884. Sáàmù tí ẹ ń kà lédè wa, ọmọ tó fẹ́ kú yẹn wà nínú ìtàn bó ṣe dé ọwọ́ yín.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá dúró ló máa rí ìyá rẹ̀ padà. Crowther alára, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò: àwọn míṣọ́nárì òyìnbó tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tàbùkù iṣẹ́ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe lórí odò Ọya, kó tó kú lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Ohun tí mò ń wí ni pé lálẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà èwe, kò mọ ohun tó wà níwájú. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá yọ sí yín, ẹ má dá jókòó tì í. Ẹ jí ẹnìkan, kódà kó jẹ́ aago mẹ́ta òru. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn yín tó máa bínú pé ẹ ba oorun òun jẹ́.

7. Ẹ má fi ìdáhùn àdúrà díwọ̀n ìfẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ẹ̀gún inú ara rẹ̀, wọn ò yọ ọ́. Oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un láti fi gbé e. Ẹni tó gbàdúrà tó rí, àti ẹni tó gbà á tí kò tíì rí, ọmọ ni àwọn méjèèjì.

8. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu yín, ẹ yá ti ẹlòmíràn lò

Ọjọ́ ń bẹ tí èèyàn á kúnlẹ̀ tí kò ní rí nǹkan kan sọ. Lọ́jọ́ náà, ẹ ka Àdúrà Olúwa sókè. Ẹ ṣí Ìwé Orin, kí ẹ kọ èyí tí ìyá yín máa ń kọ bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Inú túbú Fílípì ni Pọ́ọ̀lù àti Sílà ti kọrin ní ọ̀gànjọ́, tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú àbà. Ẹ̀yin ọmọ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹ pọ̀ nínú ẹbí wa, ẹ mọ àdúrà tí Ànọ́bì Yúnúsà gbà nínú ẹja. Ẹ di tẹ̀sùbáà yín mú, kí ẹ máa wí i. Gbogbo yín, ẹ kọ́ àdúrà sórí nísinsìnyí tí ara dẹ̀. Ẹni tí omi ti dé ọrùn rẹ̀ kò ráyè kọ́ Sáàmù.

9. Bí ara bá ti tù yín díẹ̀, ẹ lọ tu ẹlòmíràn nínú

Ẹ má dúró kí ìyà yín tán tán kó tó kan ẹlòmíràn. Ẹ wo ẹni tí kò wá sí ìjọ mọ́, ẹ wo ọ̀rẹ́ tí kò kọ nǹkan kan sórí Facebook mọ́, ẹ wo opó ọ̀dọ́ tó wà lójúlé kejì. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ru ìwàásù lọ. Ẹ se ìrẹsì dání, ẹ bá a fọ abọ́, ẹ bá a mú ọmọ lọ sí ilé ìwé, ẹ jókòó bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá bèèrè ìdí tí Ọlọ́run fi jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Ẹ dágbére fún un, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà wá, kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ dá rìn.