Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí A Jọ Kàwé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ìmọ̀ so ọkàn àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ pọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san. Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, mo pa á láṣẹ fún ara mi àti fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ẹ̀tọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà kún ẹ̀tọ́: ẹ̀tọ́ ẹni tí a jọ kàwé, ìbáà ṣe ní ilé-kéwú, ìbáà ṣe ní ilé-ìwé ìjọba, nígbà tí ewú bá ti gba orí.

Àwọn àgbà sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Iṣẹ́, ìgbéyàwó, ìrìn-àjò àti ikú ni í tú wọn ká. Ìlú wa Ìlọrin mọ èyí dáadáa. Government Secondary School tí a dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1914 ti ń tú ọmọ jáde fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni wa ni Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, tí ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí Ọlọ́hun fi pè é ní 1992. Àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ fọ́n ká lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn lọ dá ilé-kéwú tiwọn sílẹ̀ ní ìlú wọn. Bí ìmọ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá tú ká, kò yẹ kí ọkàn tú ká.

Ẹ wo àpẹẹrẹ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ Khadija ti jáde láyé, bí ó bá pa ẹran, ó máa ń gé nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadija. Ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ ti lọ, síbẹ̀ okùn náà kò já. Ó tún sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tí ó lọ bẹ arákùnrin rẹ̀ wò ní ìlú mìíràn. Ọlọ́hun fi màláíkà kan sójú ọ̀nà láti bi í bóyá oore kan ni ó ń lé lọ. Ó ní rárá, ìfẹ́ nítorí Ọlọ́hun nìkan ni. Màláíkà náà sì fún un ní ìró pé Ọlọ́hun fẹ́ràn òun náà. Ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yìí gbé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Nígbà tí a dá àwùjọ sílẹ̀ lórí WhatsApp, èmi ni wọ́n fi ṣe akápò. Ọ̀kan nínú wa ni ó máa ń jókòó tì mí lálẹ́ nígbà náà, tí yóò máa tún gírámà Lárúbáwá ṣàlàyé títí yóò fi yé mi. Ọkùnrin yìí kò san owó oṣù, kò sì fèsì sí ìkíni. Ọdún méjì kọjá. A ní ìgbéraga ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Bí mo ti sálámà, ọkùnrin kan tí ọmọdé ń fà lọ́wọ́ yí ojú sí mi, ó sì pe ìnagijẹ mi ti ilé-kéwú. Ohùn mi ni ó fi dá mi mọ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti lọ. Àìsàn ojú tí kì í dun ènìyàn, tí ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀, ni ó ṣe é. Èyí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti mú lọ kì í padà. Oògùn tí a ń kán sójú lójoojúmọ́ ni ó lè dá ìyókù dúró, agbára rẹ̀ kò sì ká oògùn náà. Ìkíni wa ń dé orí fóònù rẹ̀, kò rí i kà. Ojú sì ń tì í láti ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí, nítorí gbèsè tí ó jẹ ni ó máa ń wà níbẹ̀.

Kò bá mi wí. Ó bi mí léèrè gbogbo wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń jókòó sí. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó dárúkọ ti kú. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Owó sì wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò yẹn. Láti ilé mi dé ilé rẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kadà.

Ẹ̀yin ará mi, nínú Súrátùl-Hùjùrátì, ẹsẹ̀ 12, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá dákẹ́, má ṣe túmọ̀ ìdákẹ́ rẹ̀. Lọ bá a nílé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nítorí náà, ẹ má fi owó ìdáwó ṣe ilẹ̀kùn ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá ní, ẹ gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ìjà ni ó wà láàárín yín, Ànábì wa kò yọ̀ǹda pé kí Mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mélòó ni yóò wá ṣe ogún ọdún?

Ẹ fi wọ́n han àwọn ọmọ yín pẹ̀lú. Abdullahi ọmọ Umar pàdé ará oko kan lójú ọ̀nà Mákà, ó fún un ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí òun ń gùn àti láwàní orí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rẹ́ Umar ni bàbá ọkùnrin náà. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ara oore tí ó ga jù sí òbí ni kí ọmọ má ṣe já okùn àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀.

Kí oòrùn òní tó wọ̀, kí olúkúlùkù wa rántí ẹnì kan tí a jọ kàwé, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè ilé rẹ̀. Kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọlọ́hun, dárí jì wá lórí ẹ̀tọ́ tí a fi du ara wa. Kẹ́ àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ti ṣíwájú. Fún àwọn aláìsàn inú wọn ní àlàáfíà, kí O sì tún wa kó jọ ní Àlùjánnà gẹ́gẹ́ bí O ṣe kó wa jọ nídìí ìmọ̀. Àmín.