Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Oògùn Ọdún Márùn-ún

Lónìí, a ó ka ẹ̀kọ́ nípa àrùn jẹjẹrẹ ọyàn, àti nípa oògùn tí àwọn kan ń lò fún un títí ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ ní ìyá, ẹ ní aya, ẹ ní ọmọbìnrin. Àrùn yìí a sì máa mú ọkùnrin nígbà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a kà á jẹ́jẹ́.

1. Ìyá tí ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ nígbà ọyẹ́

Ìyá kan wà ní kíláàsì alẹ́ wa. Ẹ̀kọ ni ó ń tà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn fún un nítorí jẹjẹrẹ, ara rẹ̀ sì ti le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní oògùn oníhóró. Orúkọ oògùn náà ni tamoxifen. Wọ́n ní kí ó máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún 5.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú gan-an. Gbogbo wa da aṣọ bora. Ìyá yìí nìkan ni ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Àwọn kan ń wo ara wọn lójú. Nígbà tí a ṣe tán, ó dúró dè mí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Oògùn yẹn ni. Ooru á kàn gùn mí lójijì. Òru ló burú jù, n kì í lè sùn. Mo ti pa á tì láti oṣù méjì. Abẹ́ ẹní ni mo fi í sí. Ara mi ṣá ti le."

Mo bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ti sọ fún dọ́kítà?"

Ó ní, "Háà! Wọ́n á ní mo ya aláìmoore. Èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ tèmi?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó jẹ́ kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń dá oògùn yìí dúró ní ìdákẹ́jẹ́ nítorí ìnira rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè gba ẹ̀mí.

2. Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe

Oje kan wà nínú ara obìnrin tí à ń pè ní họ́mọ̀nù. Ọ̀kan nínú irú oje bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ estrogen. Òun ni ó ń mú kí ọyàn ọmọbìnrin yọ, kí nǹkan oṣù rẹ̀ sì máa wá. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn jẹjẹrẹ ọyàn kan wà tí estrogen jẹ́ bí oúnjẹ fún. Bí wọ́n bá rí i, wọn a máa dàgbà. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé díẹ̀ lára kókó ọyàn láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó mọ oògùn tí ó yẹ.

Ẹ ronú ilẹ̀kùn tí a tì. Estrogen ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Tamoxifen a lọ dí ihò kọ́kọ́rọ́ náà pa. Estrogen kò ní lè ṣí ilẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ mọ́.

Irú oògùn kejì wà: anastrozole, letrozole àti exemestane. Àwọn wọ̀nyí kì í dí ihò kọ́kọ́rọ́. Ńṣe ni wọ́n ń mú kí estrogen inú ara dín kù. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá pátápátá ni wọ́n sábà máa ń fún. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ẹni tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù, wọn yóò kọ́kọ́ lo ìtọ́jú mìíràn tí yóò dá nǹkan oṣù náà dúró.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe tamoxifen, ní 1962. Obìnrin ni ó ṣe é, Dora Richardson ni orúkọ rẹ̀. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni wọ́n ń wá nígbà náà. Ní 1971 ni àwọn dọ́kítà ilé ìwòsàn Christie ní ìlú Manchester kọ ọ́ sí ìwé pé ó ran àwọn obìnrin kan tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn lọ́wọ́.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ kó àbájáde àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 jọ, tí jẹjẹrẹ wọn jẹ́ irú èyí tí ń jẹ estrogen. Wọ́n rí i pé lílo tamoxifen fún bí ọdún 5 dín ikú láti ọwọ́ àrùn yìí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, fún odindi ọdún 15. Ẹ kíyè sí i: ọdún 5 ni wọ́n lò ó, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kọjá ọdún 5.

Kí ló dé tí ó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀? Jẹjẹrẹ lè sùn sínú ara bí iná abẹ́ eérú. Ojú kò rí i, ara kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ara líle kọ́ ni àmì pé kí a dá oògùn dúró. Dọ́kítà a tilẹ̀ máa fún àwọn mìíràn títí ọdún 10.

3. Ìnira tí ó wọ́pọ̀

Ìnira wọ̀nyí ń yọ ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jẹ́ ewu:

(a) Ooru òjijì àti òógùn, pàápàá ní òru.
(b) Àárẹ̀, àìrí oorun sùn, àti ìbànújẹ́ ọkàn.
(d) Nǹkan oṣù lè ṣe ségesège tàbí kí ó dáwọ́ dúró.
(e) Omi lè máa jáde láti ojú ara, tàbí kí ojú ara gbẹ.
(ẹ) Oríkèé ara lè máa ro ni, kí ọwọ́ sì le gan-an ní òwúrọ̀. Irú oògùn kejì ni ó ń fa èyí jù.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ojú ara bá gbẹ, oorun tọkọtaya lè fa ìrora. Kì í ṣe pé ìyàwó yín kọ̀ yín. Ẹ ní sùúrù. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Ìrànlọ́wọ́ wà fún èyí pẹ̀lú.

Fún ooru, kí obìnrin máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olówùú. Kí ó gbé omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Kí ó ṣọ́ ohun tí ń ru ooru náà sókè: ọtí, ata púpọ̀, tíì gbígbóná. Fún oríkèé ara, rírìn lójoojúmọ́ a máa ṣe ìrànwọ́. Bí èyí kò bá tó, dọ́kítà lè fi oògùn mìíràn kún un, tàbí kí ó pààrọ̀ èyí tí a ń lò.

Irú oògùn kejì a tún máa sọ egungun di ahẹrẹpẹ. Èyí kì í dun ni títí egungun yóò fi ṣẹ́. Nítorí náà, kí a béèrè nípa yíyẹ egungun wò. Kí a máa mu mílíìkì tàbí kí a máa jẹ ẹja kékeré teegunteegun. Kí a sì máa rìn dáadáa.

4. Àmì ewu

Tamoxifen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pani. Ó tún lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ, pàápàá lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá. Nínú 100 obìnrin tí ó lò ó fún ọdún 10, bíi 3 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Bí a bá tètè rí i, ó ṣeé tọ́jú.

Bí o bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an:

(a) Ẹsẹ̀ kan wú, ó ń ro, ó sì gbóná.
(b) Èémí kúrú lójijì, tàbí àyà ń dùn ọ́.
(d) Apá kan ara kú tìpìrì, ẹnu wọ́, tàbí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá láti ojú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, bí ó tilẹ̀ kéré, má ṣe sọ pé, "Nǹkan oṣù mi ló padà wá." Tètè fi han dọ́kítà. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, sọ èyí náà.

Obìnrin tí ó ń lo oògùn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ lóyún, nítorí ó lè pa ọmọ inú lára. Oyún lè dé bí nǹkan oṣù kò tilẹ̀ wá. Kí ó má sì lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí họ́mọ̀nù wà nínú rẹ̀. Kí ó béèrè ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ọmọ, kí ó kọ́kọ́ bá dọ́kítà jíròrò.

Àwọn oògùn kan kì í bá tamoxifen ṣọ̀rẹ́. Ọ̀kan ni rifampicin, oògùn ikọ́ ife. Òmíràn ni paroxetine, oògùn ìbànújẹ́ ọkàn. Nítorí náà, mú gbogbo oògùn tí o ń lò dání lọ han dọ́kítà. Bí àgbo ni, dárúkọ rẹ̀. Má tijú.

5. Nígbà tí ọdún bá pé

Bí dọ́kítà bá ní kí o dúró, oògùn náà kì í kúrò lára ní ọjọ́ kan. Ooru àti ríro oríkèé sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Bí ọjọ́ orí kò bá tí ì pọ̀, nǹkan oṣù lè padà wá. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀: bí ó bá wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pàápàá, kí a lọ sọ ọ́. Kí a sì máa lọ fún àyẹ̀wò ọyàn bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ fún wa.

6. Ohun tí ìyá wa ṣe

Àwọn àgbà ní, ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Dọ́kítà kò sí nínú ara rẹ. Bí o kò bá sọ, kò lè mọ̀.

Mo fún ìyá wa ní ìwé kékeré kan. Mo ní kí ó máa kọ ohun tí ó bá ṣe é sínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́rú. Ooru gùn mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo jí lẹ́ẹ̀mejì lóru." Ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé: "Mo ti pa oògùn tì fún oṣù méjì." Ẹ̀rù bà á láti kọ èyí, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Dọ́kítà ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bú u. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyí." Ó dá a padà sídìí oògùn, ó sì tọ́jú ọ̀rọ̀ ooru àti ti àìsùn. Ooru náà kò tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ó dín kù, ìyá sì ń sùn.

Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Kò sí ẹni tí ó ń wò ó ní ìwòkuwò mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ tí tamoxifen ń ṣe?
2. Dárúkọ ìnira mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀.
3. Àmì ewu wo ni ó yẹ kí ó gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an?
4. Kí ni ó burú nínú fífi oògùn sábẹ́ ẹní?
5. Kọ orúkọ gbogbo oògùn tí o ń lò sínú ìwé rẹ. Mú un dání nígbà tí o bá ń lọ sí ilé ìwòsàn.