Rúlà Lásán Lè Fi Bí Ara Wa Ṣe Jí Tó Hàn

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sáré máa ń bi wá ní kẹ́mísì: oògùn wo ló ń jẹ́ kí ara yára? A máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ mú rúlà wá. Eré ìje kò kúkú lòdì sí ẹ̀sìn wa. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyàwó rẹ̀ Áíṣà sáré ìje. Ìyàwó ló kọ́kọ́ borí, nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ànábì náà borí.

Ohun tí a fẹ́ wọ̀n ni àkókò tó wà láàrin ìgbà tí ojú rí nǹkan àti ìgbà tí ọwọ́ dáhùn. Ẹni méjì ni yóò ṣe é, pẹ̀lú rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ẹni àkọ́kọ́ yóò jókòó, yóò gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ rẹ̀ yọ síta. Yóò ya àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sọ́tọ̀ díẹ̀. Ẹnì kejì yóò di orí rúlà mú kí ó dúró ṣánṣán, kí òdo rẹ̀ wà láàrin ìka méjèèjì láìkan èyíkéyìí. Láìsọ̀rọ̀, láìmi orí, yóò jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Kí ẹni tó jókòó mú un, kí ẹ wá ka nọ́ńbà tó wà lókè àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì dánra wò, kí ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ ro márààrún pọ̀, kí ẹ fi márùn-ún pín in.

Ohun gbogbo tó bá já bọ́ ń yára sísàlẹ̀ bákan náà, ìbáà jẹ́ rúlà onígi tàbí ti ike. Ìdí nìyẹn tí gígùn fi lè dúró fún àkókò. Bí o bá mú un ní 10, ó jẹ́ nǹkan bí 0.14 ìṣẹ́jú-àáyá, 15 jẹ́ 0.17, 20 jẹ́ 0.20, 25 jẹ́ 0.23, 30 sì jẹ́ 0.25. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le máa ń wà láàrin 15 sí 25.

Bí ẹnikẹ́ni bá mú un kó tó dé 5, ẹ má kà á, àfọ̀njú ni. Àwọn tó ń darí eré ìje lágbàáyé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Eugene, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, wọ́n yọ Devon Allen kúrò nínú àṣekágbá eré 110 mítà onígi, torí pé ẹ̀rọ fi hàn pé 0.099 ló fi gbéra lẹ́yìn ìró ìbọn. Òfin sọ pé kò gbọdọ̀ dín sí 0.100. (Ìdíje yẹn kan náà ni Tobi Amusan tiwa ti sá 100 mítà onígi ní 12.12, tí obìnrin kankan kò sá irú rẹ̀ rí.) Usain Bolt pàápàá, nígbà tó sá 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, 0.146 ló fi gbéra. Ẹ má fi ti rúlà wé tirẹ̀ o: etí ló fi gbọ́ ìbọn, etí sì máa ń yá ju ojú lọ.

Kí olúkúlùkù fi ara rẹ̀ wé ara rẹ̀ ni rúlà yìí wúlò fún jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ sùn dáadáa, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí oorun kò tó, pàápàá nínú Rámádánì tí a ń jí sáárì.

Oògùn ńkọ́? Piriton tí a ń lò fún ọ̀fìnkìn àti ara yíyún ń mú oorun wá, ó sì ń fa ọwọ́ àti ojú sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti ń lò ó fún àìsàn, ẹ wọn ara yín kí ẹ tó lò ó, àti ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń mú un ní 16 tẹ́lẹ̀, tí rúlà wá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kó má gun ọ̀kadà lọ́jọ́ náà. Ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ọ̀kadà ń rin nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ sì mọ iye tírélà tó wà lójú ọ̀nà Ọbájánà. Àmọ́ bí rúlà kò bá tilẹ̀ yí padà, bí oorun bá ń kùn yín, ẹ má wakọ̀. Ẹ béèrè loratadine lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Kì í sábà mú oorun wá.

Tramadol ni èyí tó ń dùn wá jù. Àwọn ọmọ kan gbà pé ó ń fúnni lágbára. Ìrora ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó ń mú orí wúwo, ó lè fa gìrì bíi ti wárápá, ó sì ń di bárakú. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ti fi òfin dè é fún eléré ìdárayá lọ́jọ́ ìdíje. Bí ẹ bá rí páálí rẹ̀ lápò ọmọ yín, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè, kí ẹ sì mú un wá bá wa. A kì í pariwo ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì sọ pé kó jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ti ń lò ó pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbé e kúrò, lábẹ́ ojú dókítà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá. Ẹ mú rúlà dání, kí àwọn ọmọ sì tẹ̀lé yín.