Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Ka Ìwé: Láti Aké dé Ìbarà

Ẹ̀kọ́ wa tọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tó yẹ ká dáhùn ká tó mú ibi tí ẹgbẹ́ máa lọ nínú ìsinmi gígùn: kí là ń wá lọ sí ilé òǹkọ̀wé, nígbà tí a lè jókòó sí Àbújá níbí ka ìwé rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni o. Abẹ́òkúta jìnnà, owó ọkọ̀ ti wọ́n, àwọn òbí wa ló sì máa san án. Tí a ò bá mọ ohun tí a fẹ́ lọ wò, fọ́tò nìkan la máa yà bọ̀.

Ilé tí à ń sọ ni ilé tí Wọlé Ṣóyínká gbé nígbà èwe rẹ̀, nínú ọgbà míṣọ́n St. Peter's ní Aké. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter's, ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà. Ní ọdún 1981, ó gbé ìwé nípa ìgbà èwe yẹn jáde, ó pè é ní *Aké*. Ní 1986, òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Nítorí náà, kò sí àwáwí fún ẹnikẹ́ni!

Ìrìn tó wà nínú ìwé

Ìrìn ẹsẹ̀ kan wà nínú ìwé yìí tó yẹ ká tẹ̀ lé. Wọlé kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí àwọn ọlọ́pàá onífèrè kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wọn. Ọmọ bá tẹ̀ lé ìlù àti fèrè. Ó ń lọ, ó ń lọ, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìbarà, lọ́dọ̀ òyìnbó kan. Ọlọ́pàá ló mú un padà wálé. Lórí ìwé, ojú ewé díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín nínú oòrùn Abẹ́òkúta, tó gun òkè tó tún sọ̀ kalẹ̀, á mọ bí ìrìn yẹn ṣe pọ̀ tó fún ẹsẹ̀ ọmọdé. Ohun àkọ́kọ́ tí à ń wá lọ nìyẹn: kí á fi ara wa wọn ọ̀nà náà.

Ìkejì ni bí nǹkan ṣe sún mọ́ra. Ní Aké, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ààfin Aláké kò jìnnà síra wọn. Ọmọ tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, dìde lòdì sí owó orí obìnrin ní 1947, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ sí ààfin. Wọlé wà nítòsí, wọ́n ń rán an níṣẹ́ kiri. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ máa rí ìdí tí ìwé nípa ọmọdé fi di ìwé nípa ìlú.

Gírámà ojú ọ̀nà

Orúkọ ibi tí a máa kọjá náà jẹ́ ẹ̀kọ́. *Abẹ́* àti *òkúta* ló di Abẹ́òkúta, nítorí abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. *Oní* àti *Aké* ló di *Aláké*. Ẹ wò ó: *n* di *l*, *i* pajẹ, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ náà sì yí padà kó lè bá èyí tó tẹ̀ lé e mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni *aláṣọ*, *elépo* àti *ọlọ́kọ̀*. Kí ló dé tí *oníwèé* àti *oníbàtà* kò fi yí? Ẹ ronú sí i kí a tó pàdé.

Ìmúra àti ìwà

Kí gbogbo wa ti ka ìwé tán kí a tó gbéra. Olùkọ́ kan á ṣáájú, òmíràn á wà lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe bíi Wọlé kó sọnù sí Ìbarà! Òwúrọ̀ la máa rìn. Bàtà tó le, omi, fìlà, ìwé kékeré àti gègé. Ẹ kí àwọn àgbà tí ẹ bá bá níwájú ilé wọn. Àwọn gan-an ni ìwé tí kò sí ní láíbìrì. Bákan náà, Ṣóyínká ní ilé tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó ń gbé. Ilé onílé nìyẹn, a ò ní lọ yọjú níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè wá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Orúkọ Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta tó wà ní Ládérìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mú ọ̀nà kan tí o rìn nígbà kékeré, ì báà jẹ́ ní Gwàríńpà, Kúbwà tàbí Nyányà. Kọ ojú ewé kan nípa rẹ̀ ní Yorùbá.
2. Lọ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú àgbà kan. Kí ló ti kéré sí bí o ṣe rántí rẹ̀? Kí ni kò sí mọ́?
3. Ṣàlàyé bí *ọlọ́jà*, *elédè* àti *onílé* ṣe di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ṣe ìkejì dáadáa ti mọ ìdí tí a fi ń lọ sí Aké. Ẹ mú iṣẹ́ yín wá sí ìpàdé.