Ẹ Yan Ibi tí Ẹnu Yín Yóò Ti Wúlò

Ẹ̀yin tọkọtaya tuntun, mo gbọ́ orúkọ àwọn ìlú tí ẹ ń dá fún ìrìn àjò yín. Ọkọ ní Zanzibar, ìyàwó ní Bahia ti Brazil, ọ̀rẹ́ yín kan sì ní kí ẹ lọ wo ìnàkí ní Rwanda. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àsọyé yín, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó àti bí fọ́tò rẹ̀ ṣe dára tó nìkan ni mo ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan ṣáájú wọn: tí ẹ bá dé ibẹ̀, ta ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀, tí yóò sì fi òótọ́ dá yín lóhùn?

Ọmọ Ìsọlọ̀-Ọ̀pin tó ti dàgbà ló ń bi yín. Àwa níbí mọ àlejò, a sì mọ̀ pé wọn ò rí bákan náà. Ilẹ̀ wa ò tóbi lójú máàpù, ẹ̀bá Kwara níbi tó ti fara kan Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ti mú kí aráyé máa béèrè ọ̀nà ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Arẹògún ará Òsì, tó fi ayé sílẹ̀ ní 1954, gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ Ẹ̀pa, ère tí wọ́n ń gbé lérí jó. Bámgbóyè, agbẹ́gilére bíi tirẹ̀, náà wà ní Odò-Ọwá, ní apá Òkè-Ẹ̀rọ níbẹ̀ yẹn, tí òkìkí tirẹ̀ kan. Ní 1947 ni ilé iṣẹ́ ọnà kan bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ àwọn Fadá ìjọ Àgùdà. Fadá Kevin Carroll ló ń bójú tó o, George Bándélé, ọmọ Arẹògún, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ Bándélé yìí sì ni Lámidí Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Carroll ò kàn ya fọ́tò kó gba ọ̀nà ilé lọ. Ó jókòó ti àwọn agbẹ́gilére fún ọdún púpọ̀, ó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ó sì di 1967 kí ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ wọn tó jáde.

Àwọn kan wá tó jẹ́ pé ère lórí ènìyàn ni gbogbo ohun tí wọ́n rí. Wọ́n wo Ẹ̀pa, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n wọ mọ́tò. Wọn ò mọ̀ pé igi kan ṣoṣo ni, láti orí ìkòkò tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń jó o kì bọrí títí dé jagunjagun tó gun ẹṣin lókè ténté. Wọn ò mọ ìdí tí gbogbo agbo fi ń pa lọ́lọ́ nígbà tí ẹni tó ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ fò gun orí òkìtì. Ẹnikẹ́ni ì bá sọ fún wọn tí wọ́n bá béèrè. Wọn ò ní ẹnu tí wọn ó fi béèrè ni, tàbí kí n sọ pé wọn ò yan ẹni tí yóò bá wọn fi ẹnu béèrè.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò dáni lóhùn yìí wọn àwọn ìlú tí ẹ dárúkọ.

Rwanda kọ́kọ́. Wọ́n ń gba owó ńlá ní dọ́là lọ́wọ́ àlejò kó tó lọ bá ìdílé ìnàkí kan nínú igbó Volcanoes, wákàtí kan péré sì ni wọn yóò fún un lọ́dọ̀ wọn. Mi ò bínú sí owó náà, nítorí owó yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìnàkí tán. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù ní náírà, ẹ bá ara yín ṣírò rẹ̀ dáadáa, ẹ fi owó ọkọ̀ òfuurufú lé e. Wákàtí yẹn lè jẹ gbogbo ìrìn àjò yín run, kò sì sí ohun tí ìnàkí yóò bá yín sọ.

Bahia, ìyàwó wa, mo mọ ohun tó fà ọ́ mọ́ ọn. Ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá wà ní Salvador láti 1910, wọ́n ṣì ń fi ohùn Yorùbá kí Ṣàngó níbẹ̀. Tí èèyàn bá wọ inú ìpínlẹ̀ náà lọ, yóò bá Chapada Diamantina, ọgbà ẹranko àti òkè tí ìjọba ya sọ́tọ̀ ní 1985, tí omi ń já lulẹ̀ káàkiri nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọmọ Yorùbá dé ni. Ṣùgbọ́n èdè Potogí ni wọ́n fi ń ra ẹ̀pà lọ́jà. Yorùbá tó kù sí wọn lẹ́nu, ti orin àti ti ààtò ni. Ìyá àgbà kan lè dì mọ́ ọ títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ, kò sì ní lè parí ìtàn kan fún ọ. Ẹ kọ́ Potogí fún ọdún kan ná. Bahia ò ní sá lọ.

Ní ti àwọn tó ní kí ẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ wo ohun àwọn baba yín, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wà ní British Museum lóòótọ́. Ó débẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà náà ṣe àfihàn odindi fún Bámgbóyè wa ní 2022. Ó dára kí ẹ rí wọn bí iṣẹ́ bá gbé yín dé ibẹ̀. Àmọ́ gíláàsì àti ìwé pélébé kan lára ògiri kì í ṣe ìdáhùn.

Ibi tí èmi yóò rán yín lọ ni orílẹ̀-èdè Benin, ẹ sì má yọ ṣùtì. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kò jìnnà. Ibi tí ẹ ti ń ná owó mìíràn, tí wọ́n ń fi Faransé kọ àkọlé, tí àwọn ọba tó jẹ níbẹ̀ sì ti fìgbà kan jẹ́ ẹ̀rù fún ìdajì ilẹ̀ Yorùbá, ó jìnnà tó. Ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò wọlé, kí ẹ lọ sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, kí ẹ wá gba ọ̀nà Ìṣakẹ́tẹ̀ àti Pọ́bẹ̀ gòkè lọ sí Kétu. Láti Ìṣakẹ́tẹ̀ lọ, Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwọn, ni ẹ ó máa gbọ́. Ohùn wọn yóò yàtọ̀ sí tiwa, gẹ́gẹ́ bí ohùn Ọ̀pin ṣe yàtọ̀ sí ti Èkó, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ara yín. Ìyá tó ń ta àkàrà lè sọ ìtàn ìlú fún yín kí epo rẹ̀ tó gbóná.

Kétu ni kí ẹ ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù. Ẹ wo Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnu odi ìlú náà, kí ẹ sì ní kí àgbà kan sọ bí ó ti rí ní 1886, nígbà tí ọmọ ogun Ọba Glele ti Dahomey kó ìlú náà. Ẹ béèrè ijó Gẹ̀lẹ̀dé. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, Benin, Nàìjíríà àti Togo ló jọ ni ín, Kétu sì wà lára ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Ọmọ Ọ̀pin tó ti rí Ẹ̀pa ní ilé ní ohun tí yóò bá ará Kétu jiyàn lé lórí. Àwọn náà ń gbé ère lérí, àwọn náà ń gbẹ́ ènìyàn àti ẹranko sókè orí. Àmọ́ ti Ẹ̀pa wúwo, ọ̀rọ̀ akọni ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti Gẹ̀lẹ̀dé fúyẹ́, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ń fi àwọn oníwàkiwà ìlú ṣe ẹlẹ́yà, nítorí àwọn ìyá ni wọ́n sì ṣe ń jó o. Ẹ sọ tiwa fún wọn. Àlejò tó ní nǹkan láti sọ ni àwọn onílé máa ń la ọkàn sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yìn Kétu ni kí ẹ tó lọ sí Abomey, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n kó lógun, kí ẹ wá lọ gbọ́ ti ẹni tó kóni. Ààfin àwọn ọba Dahomey níbẹ̀ ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé UNESCO láti 1985. Faransé jà wọ ibẹ̀ ní 1892, wọ́n kó ẹrù lọ, ó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2021 kí wọ́n tó dá 26 padà. Ilẹ̀kùn ààfin Glele wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó bi wọ́n.

Ọkọ wa tó ń wá Zanzibar, tí ó ní òun ò fẹ́ àṣà lọ títí, pé igbó àti omi ni òun ń wá: lọ sí Ganvié lórí ọ̀sà Nokoué. Orí òpó inú omi ni gbogbo ilé dúró lé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà, ẹja ni iṣẹ́ wọn. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ni àwọn baba ńlá wọn sá bọ́ sínú omi. Ta ló lè pín àṣà àti omi sọ́tọ̀ níbẹ̀? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà, tí UNESCO gbà wọlé ní 2005, ṣé ìjọba ni kò jẹ́ kí wọ́n gé igi rẹ̀ ni àbí Ọ̀ṣun? Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń yún ọ fún òkè gígùn, àpáta Ṣàbẹ́ wà ní Benin náà, àwọn òkè Ìdáàṣà sì wà nítòsí rẹ̀. Ìjà tí ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí àṣà tàbí igbó ò ní ìdí.

Ẹ má kọjá sí àríwá Benin lọ́hùn-ún. Igbó Pendjari ní erin àti kìnnìún, ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n jí àwọn ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ewu náà ò tíì kúrò. Bákan náà, ẹ má rò pé ìtòsí ni ààbò. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni agbébọn pa Olúkòrò ti Kòrò láàfin, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù. Mo fẹ́ kí ẹ rí omi Òwù, tó ń ti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí mítà 120 já wálẹ̀, kí ẹ sì rí ère òkúta Èsìẹ́ tó lé ní 800, nínú mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, bí ẹ kò bá kọ́kọ́ pe ẹni tó ń gbé ojú ọ̀nà náà, ẹ má gbéra. Ohun tí mo sọ nípa ẹni tí yóò dáni lóhùn ṣe pàtàkì ju ìtàn gbígbọ́ lọ. Ẹni náà ló lè sọ fún yín pé kí ẹ má wá lónìí.

Ìgbà tí ẹ ó lọ náà ń fẹ́ ìbéèrè. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dé, ojú ọ̀nà sì máa ń gbẹ nígbà náà. Nínú oṣù Kínní ni ọdún Vodun, ti àwọn òrìṣà wọn, ìlú Ouidah létí òkun a sì kún bí ọjọ́ ìbò. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó ti èèyàn kan kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọjọ́ yẹn kọjá.

Ẹ̀rù ìsìn tó ń bà yín, mo gbọ́ ọ. Ìyá yín ní kí ẹ má lọ sí ilé òrìṣà. Ẹ sọ fún un pé Fadá ni Carroll, ó fi ọdún púpọ̀ jókòó láàárín àwọn tó ń gbẹ́ ère, Fadá náà ló sì kú. Wíwò kì í ṣe bíbọ. Àmọ́ ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ kí ọba bí wọ́n ṣe ń kí ọba níbẹ̀, ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ wá wo ẹranko. Ìyàwó, tí wọ́n bá ní obìnrin kì í dé ibì kan, má bá wọn jà níta gbangba. Bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, kí o wá lọ jókòó ti àwọn obìnrin ilé. Ibẹ̀ ni ìtàn tòótọ́ sábà máa ń wà.

Ti ìwé kò le. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún wa láyè láti wà ní ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù, ẹ kọjá lójú ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ẹ má gba ọ̀nà fàyàwọ́ nítorí pé awakọ̀ kan ní ó yá jù. Ẹ ṣẹ́ owó sí sẹ́fà kí ẹ tó wọ inú ìlú. Ẹ sì béèrè bí ẹnubodè ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ, torí Nàìjíríà ti fìgbà kan tì í láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Èyí tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ni yẹ́lò káàdì: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára yín kí káàdì tó ní agbára. Ẹ lọ gbà á ní ọ̀sẹ̀ yìí.